Ọ̀nà Ọjà àti Ọ̀nà Omi: Páìpù Wo Ló Yẹ Ṣáwà Ilé Yín?

Ẹ̀yin aládùúgbò mi tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ omi díẹ̀. Ilé ti parí, táìlì ń dán, ṣáwà tó ń kọ mọ̀nà wà lára ògiri. Ẹ ṣí i, omi wá ń kán tó, tó, tó. Ohun tí ọ̀pọ̀ baálé ilé máa ń sáré ṣe ni pé wọ́n á lọ ra táǹkì tó tóbi sí i. Lítà 1,000 á di lítà 2,000. Owó ti lọ, omi kò yí padà. Ṣé ikùn akèrègbè ló ń pinnu bí ẹmu ṣe máa tètè dà tó ni? Ọrùn rẹ̀ mà ni.

Ohun méjì ló ń gbé omi dé orí ẹni tó ń wẹ̀: bí táǹkì ṣe ga ju ẹnu ṣáwà lọ tó, àti ọ̀nà tí omi gbà wá. Ti gíga kò le. Bí omi bá fi mítà kan ga ju ṣáwà lọ, agbára tó fi ń tì kò ju 0.1 bar lọ, mítà mẹ́wàá ló tó bar kan. Ilé ilẹ̀ tí wọ́n gbé táǹkì rẹ̀ sórí irin onímítà mẹ́rin, tí ẹnu ṣáwà rẹ̀ sì fi mítà méjì ga nílẹ̀, mítà méjì péré ló ní lọ́wọ́ bí omi bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú táǹkì. Ìyẹn ò ju 0.2 bar lọ.

Ẹ wá gbọ́ ti Amẹ́ríkà. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ́dún 1992 ní ṣáwà kò gbọdọ̀ tú ju gáàlọ́ọ̀nù 2.5 lọ ní ìṣẹ́jú kan, bíi lítà mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ṣùgbọ́n agbára omi tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bar 5.5. Kí táǹkì tiwa tó lè ti omi báyẹn, ó ní láti fi mítà 56 ga ju ṣáwà lọ. Mítà 105 ni Cocoa House ga ní Dùgbẹ̀, n'Íbàdàn. Á jẹ́ pé ẹ ó gbé táǹkì yín kọjá ìdajì rẹ̀. Nítorí náà, bí àbúrò yín bá fi ṣáwà ránṣẹ́ láti Houston, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ní kí pùlọ́ńbà yọ òrùka kékeré tí wọ́n fi dín omi kù nínú rẹ̀. Ti London lè sàn jù. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ níbẹ̀ ló ní táǹkì lábẹ́ òrùlé bíi tiwa, wọ́n sì ń ta ṣáwà tí 0.1 bar tó fún. Ara páálí ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Ọ̀nà ló kù, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Ẹ rántí ọjọ́ ọjà. Ọ̀nà kan wà láàárín ìsọ̀ aláta àti ìsọ̀ ẹlẹ́pa, tí kò gbà ju ènìyàn méjì lọ. Gbogbo ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá ló ń fi èjìká nu ìsọ̀. Ìró ìyá kan há sára pákó, òmíràn dúró ń ná tàtàṣé, ẹni tó wà lẹ́yìn ń pòṣé. Ẹ wá jẹ́ kí babalọ́jà fẹ ọ̀nà náà sí ìlọ́po méjì. Àwọn tó wà létí ìsọ̀ á ṣì máa wọ́ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó wà láàárín kò kan ìsọ̀ kankan, wọ́n ń lọ wuuru. Bí omi ṣe ń rìn nínú páìpù nìyẹn. Èyí tó kan ara páìpù ń fà, ó sì ń fa èyí tó sún mọ́ ọn sẹ́yìn. Ti àárín ló ń sáré. Bí inú páìpù bá fẹ̀ sí ìlọ́po méjì, ojú ihò rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin, omi tó sì máa gbé, bí agbára tó ń tì í kò bá yí padà, á tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà.

Ọ̀nà ọjà yìí tún ní agbowó. Mítà méjì tí táǹkì yín fi ga ju ṣáwà lọ ni owó ọwọ́ yín, páìpù ló ń gbà á lójú ọ̀nà. Ká ní mítà 15 ni páìpù rìn láti táǹkì dé ṣáwà, tí ẹ sì fẹ́ lítà mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú kan. Páìpù PPR tó nípọn, tí wọ́n kọ PN20 sí lára, tí à ń pè ní háàfù íǹṣì, á gba bíi mítà 1.4 nínú mítà méjì yẹn. Tirí-kọ́tà kò ní gbà tó ìdajì mítà. Ti íǹṣì kan, bíi sẹ̀ǹtímítà 14 péré. Ẹ́líbò kọ̀ọ̀kan náà tún ní tirẹ̀ tó ń gbà. Nínú páìpù háàfù íǹṣì, ẹyọ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mítà páìpù. Pùlọ́ńbà tó fi ẹ́líbò mẹ́jọ yí ilé po kí ògiri lè lẹ́wà, omi yín ló ń ná.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà ara PPR o. Ẹ̀yìn páìpù ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe inú. Èyí tí wọ́n kọ 20 mm sí lára, ìyẹn háàfù íǹṣì, bó bá jẹ́ PN20, inú rẹ̀ kò ju 13.2 mm lọ. 25 mm (tirí-kọ́tà) á jẹ́ 16.6, 32 mm (íǹṣì kan) á sì jẹ́ 21.2. Inú ni omi ń gbà.

Mo ti ń gbọ́ ẹni tó máa sọ pé, “Ṣebí bí mo bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu họ́ọ̀sì, omi á ta jìnnà? Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń fún omi lágbára.” Ẹnu lẹ dí, ẹ ò dí ọ̀nà. Họ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn àtàǹpàkò yín ṣì fẹ̀, omi inú rẹ̀ ń rọra bọ̀, kò ná agbára rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó kó gbogbo rẹ̀ dé ẹnu. Ṣáwà fúnra rẹ̀ ti ní ihò wẹ́wẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ àtàǹpàkò yẹn. (Bí omi bohóòlù yín bá ń pọ́n, àwọn ihò yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ gún kí ẹ tó bú pùlọ́ńbà.)

Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó fi háàfù íǹṣì sọ̀ kalẹ̀ láti táǹkì. Íǹṣì kan ni kó ti orí táǹkì wá, tirí-kọ́tà ni kó yà sí balùwẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí háàfù wá ṣe ìwọ̀nba tó kù sí ṣáwà, torí pé háàfù náà ni ẹnu ṣáwà tí wọ́n ń tà. Páìpù omi gbígbóná nìkan ni kí ẹ má fẹ̀ jù. Nínú mítà mẹ́wàá páìpù íǹṣì kan, bíi lítà mẹ́ta ààbọ̀ omi tútù ló wà, gbogbo rẹ̀ lẹ ó sì dà nù kí gbígbóná tó dé. Tirí-kọ́tà tó fún un. Bí híìtà bá wà nítòsí, háàfù náà tó.

Ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yàtọ̀. Bí ìdí táǹkì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ẹnu ṣáwà òkè, kò sí páìpù tó lè gbà yín, bó tilẹ̀ fẹ̀ bí ọpọ́n ayò. Ẹ gbé táǹkì ga sí i, tàbí kí ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ti omi, kí ẹ sì gbà pé ọjọ́ tí iná bá lọ, ike àti bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ ó fi wẹ̀.

Kò sígbà tí páìpù tó fẹ̀ dínwó tó ìgbà tí ògiri ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹ pe pùlọ́ńbà yín lónìí, kí táìlì tó bò ó, kí ẹ bi í pé: íǹṣì mélòó lo fi sọ̀ kalẹ̀ láti táǹkì?