Èjìká ni Ọkọ̀ Àkọ́kọ́: Bí A Ṣe Ń Rìn Ká Ìlú Salvador ti Bàhíà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìlú Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bàhíà ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, kí ó kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ tí a tẹ̀ ẹ́ dó sí, nítorí bí ilẹ̀ náà ti rí ló ń pàṣẹ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń rìn, láti ọdún 1549 tí Tomé de Sousa, aṣojú ọba Potogí, ti gúnlẹ̀ síbẹ̀, títí di òní olónìí. Ní ìgbà láéláé, kí ọmọ ènìyàn tó dé ibẹ̀, ilẹ̀ là sí méjì ní etí òkun náà: apá kan rì, omi sì bò ó, ó di apá òkun fífẹ̀ gbàgàdà tí àwọn Potogí fi orúkọ Gbogbo Ẹni Mímọ́ pè, apá kejì dúró lókè, kò yẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńlá sì wà láàárín méjèèjì. Ní ẹsẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí ni èbúté àti ọjà wà. Ní orí rẹ̀ ni àwọn gómìnà, àwọn àlùfáà àti àwọn ọlọ́lá kọ́ ilé wọn sí, tí nǹkan bíi 70 mítà sì wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a kọ́ tán kí a tó rántí àtẹ̀gùn rẹ̀ ni Salvador.

Ta ni ó wá ń gbé ẹrù láti ìsàlẹ̀ dé òkè? Àwọn ẹrú ni, àti àwọn tó ti ra ara wọn padà, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Yorùbá tí ogun tó fọ́ Ọ̀yọ́ Ilé, tó sì tú ilẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire ká, fà lé àwọn olówò ẹrú lọ́wọ́, àwọn tí ará Bàhíà ń pè ní Nàgó. Àgbá ọtí, àpò ṣúgà, àpótí inú ọkọ̀ òkun, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń rù gun òkè. Àní àwọn olówó pàápàá, tí ẹsẹ̀ wọn kò gbọdọ̀ kan ẹrẹ̀, inú àga tí a ta aṣọ bò ni wọ́n ń jókòó sí, tí ọkùnrin méjì á sì gbé e lé èjìká. Èjìká àwọn baba wa ni ọkọ̀ èrò àkọ́kọ́ ní Salvador, kò sì yẹ, lójú tèmi, kí ọmọ Yorùbá kankan wọ ọkọ̀ ní ìlú náà láìrántí rẹ̀. Ní oṣù Òkúdù ọdún 1857, òfin ìgbìmọ̀ ìlú kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pé kí àwọn alárù wá forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sanwó ìwé àṣẹ, kí wọ́n sì máa so irin pẹlẹbẹ tí a kọ nọ́ńbà sí mọ́ ọrùn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà: àwọn alárù, tí wọ́n ti kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ sí oríta kọ̀ọ̀kan, tí olúkúlùkù ẹgbẹ́ sì ní olórí tirẹ̀, da iṣẹ́ sílẹ̀. Fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹrù wà ní èbúté, kò sẹ́ni tó gbé e. Àwọn oníṣòwò ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, títí tí wọ́n fi fagi lé owó náà. Ìwé ìtàn púpọ̀ kì í mẹ́nu kan ìyanṣẹ́lódì yìí, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ohun tí à bá máa fi kọ́ ọmọ nílé ẹ̀kọ́.

Ọdún 16 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 8 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1873, nígbà tí oko ẹrú ṣì ku ọdún 15 kí ó tó tán ní Bùràsíìlì, ni ẹnjiníà Antonio de Lacerda ṣí ilé gogoro tí ń gbé ènìyàn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, lífítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Agbára omi ló kọ́kọ́ ń gbé e. Ní 1906 wọ́n fi iná mọ̀nàmọ́ná rọ́pò omi. Ní 1930 wọ́n kọ́ ilé gogoro kejì tì í. Ohun tí àwọn alárù ń fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ òógùn ṣe, ìṣẹ́jú kan kì í pé tí ó fi ń ṣe é, láti ẹ̀gbẹ́ ọjà Mercado Modelo dé gbàgede tí wọ́n fi orúkọ Tomé de Sousa pè. Ní ibòmíràn lára gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ọkọ̀ kéékèèké tí okùn irin ń fà lójú irin ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ọ̀kan nínú wọn so àdúgbò Calçada pọ̀ mọ́ Liberdade, ibi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti dá Ilê Aiyê, ẹgbẹ́ oníkàníváàlì, sílẹ̀ ní 1974.

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran, ni àwọn àgbà wí. Àlejò tó bá háyà mọ́tò láti pápákọ̀ òfuurufú dé hòtẹ́ẹ̀lì, láti hòtẹ́ẹ̀lì dé Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ ìlú náà, yóò rí ojú Salvador, kò ní rí àyà rẹ̀. Kí ó wọ bọ́ọ̀sì láti pápákọ̀ dé ibùdó Metro, kí ó wọ ọkọ̀ ojú irin Ìlà Kejì, tó dé apá pápákọ̀ náà ní 2018, kí ó sì pààrọ̀ ọkọ̀ ní Acesso Norte. Ìlà Kìíní yóò gbé e dé Lapa, nínú ilẹ̀, lábẹ́ ìlú òkè gan-an. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba: ọdún 2000 ni iṣẹ́ Metro yìí bẹ̀rẹ̀, oṣù Òkúdù ọdún 2014, ọjọ́ kan kí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ ní Bùràsíìlì, ni èrò àkọ́kọ́ tó wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Campo da Pólvora lè fi ẹsẹ̀ rìn dé adágún Dique do Tororó, níbi tí ọ̀gbẹ́ni Tatti Moreno ti gbé ère òrìṣà 8 kalẹ̀ sójú omi ní 1998, tí wọ́n pagbo bí ẹni ń jó: Ṣàngó Olúkòso, Ògún Lákáayé, Ọ̀ṣun Òrèyèyé, gbogbo wọn nínú ẹ̀wù ńlá. Mo rí i pé àwọn ará ìlú ń sáré yí adágún náà ká láàárọ̀ láìwo ẹ̀yìn wò. Ó ti mọ́ wọn lára. Ọmọ Yorùbá tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ kò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ kò bá ìlú òkè mu, nítorí òkè àti àfonífojì ibẹ̀ pọ̀, àyà ẹni ni yóò máa lù kìkìkì. Etí òkun ni ààyè rẹ̀. Láti 2013 ni wọ́n ti to kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ọsàn sí òpópónà, tí ènìyàn ń fi fóònù yá, tó sì ń dá padà síbi tó bá wù ú nínú àwọn ibùdó wọn. Kí àlejò bẹ̀rẹ̀ ní Barra, níbi tí ilé iná atọ́kọ̀ ti wà nínú odi àwọn ológun àtijọ́, tí òpópónà etíkun rẹ̀ sì ti di ti ẹlẹ́sẹ̀ láti 2014. Kí ó gba Ondina, Rio Vermelho, Amaralina àti Pituba, bí agbára rẹ̀ bá sì gbé e, kí ó dé Itapuã, tí gbogbo rẹ̀ tó bíi 20 kìlómítà. Kí ó tètè jáde, kí oòrùn tó mú. Kí ó má sì kọjá Rio Vermelho láìdúró, nítorí ibẹ̀ ni àwọn apẹja ti ń gbé ẹ̀bùn lọ sójú òkun fún Yemọja Àwòyó ní ọjọ́ 2 oṣù Èrèlé lọ́dọọdún, tí òdòdó àti òórùn dídùn á gba gbogbo etí omi kan. Ibẹ̀ náà sì ni àwọn ìyá aláṣọ funfun ti ń din àkàrà nínú epo pupa, tí wọ́n ń là á láàárín, tí wọ́n ń fi edé gbígbẹ àti ilá sí i. Àkàrà yẹn tóbi ju tiwa lọ, ọ̀kan a máa yó ènìyàn.

Fún ẹni tó bá fẹ́ dé erékùṣù Itaparica, níbi tí egúngún ti ń jáde títí di òní, ọkọ̀ ojú omi ń gbéra ní São Joaquim, ìrìn bíi wákàtí kan sì ni.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó dùn mí pé n kò lè júwe fún àlejò mọ́. Láti Calçada dé Paripe, ojú irin àtijọ́ kan wà tẹ́lẹ̀ tí ó ń tọ etí omi lọ gba àwọn àdúgbò aláìní, tí owó rẹ̀ kò ju 50 sẹ́ńtì owó ibẹ̀ lọ, tí àwọn apẹja àti àwọn obìnrin tó ń wa ìṣáwùrú fi ń gbé ọjà wọn lọ sí ìlú. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2021 ni ìjọba tì í pa, pé àwọn yóò fi ọkọ̀ ìgbàlódé rọ́pò rẹ̀. Àdéhùn àkọ́kọ́ sì túká, a tún ṣe òmíràn. N kò bá ọkọ̀ ìgbàlódé jà. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn aláṣẹ Bàhíà dáhùn ni iye tí obìnrin tó gbé agbọ̀n ìṣáwùrú ní Paripe yóò san kí ó tó dé ọjà, nítorí bí iye náà bá pọ̀ ju ohun tó lè san lọ, orí ni yóò tún fi rù ú.