Ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ àti oúnjẹ òòjọ́ àwọn opó

 

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ gàrí tí àwọn ìyá wa ń ṣe ní Wásinmi níbí. Láyé àtijọ́, páànù tí a fi ìṣó dá lu ni wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Obìnrin mẹ́ta mẹ́rin a jókòó ti iṣẹ́ náà láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ìka a bó, ẹ̀yìn a máa dùn wọ́n. Lónìí, ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ yẹn ṣe, jáàkì ni a sì fi ń fún omi rẹ̀ dípò òkúta. Ara tu àwọn ìyá wa, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn opó tí a máa ń bẹ̀ lọ́wẹ̀ láti rin ẹ̀gẹ́, tí wọ́n fi ń rí oúnjẹ òòjọ́ wọn, àwọn yẹn ńkọ́?

Àwọn kan ń wàásù pé iṣẹ́ Ṣàìtánì ni ẹ̀rọ. N kò bá wọn sọ ọ́. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ni ó sọ irin di rírọ̀ fún Ànọ́bì Dáwúdà tí ó fi ń ṣe ẹ̀wù ogun, ó wà nínú Súrátù Sabáì. Ànọ́bì yìí kan náà ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fi ṣe àpẹẹrẹ ẹni tí ń jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Irin kò ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn.

Ẹ wo Ewékorò tí kò jìnnà sí wa. Láti 1960 ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti wà níbẹ̀. A wú òkúta, ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, iná sun ún, a tún lọ̀ ọ́. Ọwọ́ lásán kò lè ṣe èyí láéláé. Ẹ̀rọ ni ó mú iṣẹ́ oṣù wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró ti ẹ̀rọ kò lè nawọ́ sí àpò sìmẹ́ǹtì kan kí ó ní, “Èmi ni mo ṣe èyí.” Ìyá onígàrí mọ gàrí tirẹ̀ lọ́jà, oníbàárà rẹ̀ náà sì mọ̀ ọ́n, nítorí ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ṣì fi ń yan án lórí iná.

Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni ń gba owó lórí abọ́ kọ̀ọ̀kan, iye tí ó bá wù ú. Ìyá tí ó bá sì fẹ́ ra tirẹ̀, owó èlé ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ èlé sì jẹ́ hàráàmù fún wa. Èésú kò ní èlé nínú. Bí ogún obìnrin bá dá a fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀rọ kan kò ní ṣòro fún wọn láti rà. Kí wọ́n fi opó tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe olùtọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì san owó rẹ̀ kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ.

Ní àsàlátù ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀, n óò gbé ọ̀rọ̀ yìí ka iwájú àwọn ìyá mọ́sáláásí wa.