Ẹ Ka Àwọn Ọmọ Yín Kí Ẹ Tó Gbéra

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ni mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe ìrìn àjò ìsọjí, bẹ́ẹ̀ ni a kò lọ ra ọjà. Ìsinmi ni a lọ ṣe, èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta, ní oṣù August ọdún 2023. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù tí a ń gbé ni a ti gbéra, a sì fi ọkọ̀ ara wa rin ilẹ̀ Faransé, Bẹ́ljíọ̀mù, Luxembourg àti Switzerland fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo ti pinnu pé n kò ní kọ nǹkan kan nípa rẹ̀, nítorí ohun ìtìjú kan ṣẹlẹ̀ sí wa lójú ọ̀nà. Ìyàwó mi ni ó ní kí n kọ ọ́. Ó ní bí ó bá ran òbí kan ṣoṣo lọ́wọ́, ó tó.

ÌDÍ TÍ A FI LỌ

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé òkè òkun yóò tètè mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi ń ṣe, òru ni ó sì sábà máa ń bọ́ sí. Bí ó bá ti ń wọlé ní àárọ̀ ni àwọn ọmọ ń jáde lọ sí ilé ìwé. Èmi ní tèmi, bí kì í bá ṣe ìsìnkú, ìgbéyàwó ni. Bí kì í bá ṣe ìpàdé òṣìṣẹ́, òru àdúrà ni. Ìwé pélébé tí a ń lẹ̀ mọ́ ara fìríìjì ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀: "Ọbẹ̀ wà nínú ìkòkò." "Ẹ rántí sanwó iná." Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àkọ́bí wa obìnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 17 nígbà náà, wò mí lójú, ó ní, "Dádì, ṣé ẹ mọ̀ pé gbogbo wa kò tíì jọ lọ síbì kankan rí, àfi ṣọ́ọ̀ṣì àti òde àríyá?" N kò rí èsì fọ̀. Ọdún kan péré ni ó kù kí ó lọ sí yunifásítì.

Nígbà tí àbúrò ìyàwó mi ọkùnrin gbọ́ pé a fẹ́ rìnrìn àjò, ó ní òun, ìyàwó òun àti ọmọ àwọn méjì yóò bá wa lọ. Báyìí ni a ṣe di ọkọ̀ méjì, àgbà mẹ́rin àti ọmọ márùn-ún. Ẹ fi ọkọ̀ méjì yìí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ MỌ̀ KÍ Ẹ TÓ LỌ

Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni ìyàwó mi ń lò. Ẹni tí ó bá ń lo irú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ní àṣẹ láti máa gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbọ́dọ̀ gba físà Schengen. Físà kan náà ni ó kárí gbogbo ìlú tí a dárúkọ wọ̀nyẹn. Ọ̀dọ̀ orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti pẹ́ jù lọ ni ẹ ó ti béèrè rẹ̀. Ẹ lè béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, ẹ má sì jẹ́ kí ó ku ọjọ́ 15 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ní ti ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́dọ̀ tíì pé ọdún mẹ́wàá ní ọjọ́ tí ẹ bá wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ ku ó kéré tán oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ ó jáde kí ó tó parí iṣẹ́. Láti oṣù October 2025, wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìtẹ̀ka àti àwòrán ojú àwọn àlejò ní ibodè, nítorí náà ẹ tètè dé ibẹ̀.

Nínú ọkọ̀, ẹ má ṣe gbàgbé irin onígun mẹ́ta tí a ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀ tí ó bá bàjẹ́, àti ẹ̀wù tí ń tàn yanran. Òfin ilẹ̀ Faransé ni. Àmì GB tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ kò wúlò mọ́ láti oṣù September 2021. UK ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ní Switzerland, ẹ ó san 40 franc fún àmì tí ó jẹ́ kí ẹ lè gba ọ̀nà márosẹ̀ wọn. Ẹni tí kò bá ní i, ìtanràn 200 franc ń dúró dè é, yóò sì tún ra àmì náà.

Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń rìn níbẹ̀. Àwọn ọmọ bẹ̀rù fún mi, ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ọkọ̀ wíwà, àti pé láti ọjọ́ 2 oṣù April 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ọwọ́ ọ̀tún ni ìjókòó awakọ̀ wà nínú ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ẹ̀rọ tí ń gba owó ibodè ní ilẹ̀ Faransé wà ní ọwọ́ òsì. Ìyàwó mi ni ó ń na apá síta ní gbogbo ibodè. Kí ọjọ́ kejì tó pé, ó ti sú u.

A BỌ́ SÓJÚ Ọ̀NÀ

Ní Folkestone, a wa ọkọ̀ wa wọ inú ọkọ̀ ojú irin, ó sì gbé wa gba abẹ́ òkun lọ sí Calais. Ọdún 1994 ni wọ́n ṣí ọ̀nà abẹ́ òkun yìí. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 50, 38 nínú rẹ̀ sì wà lábẹ́ omi. Ìṣẹ́jú 35 péré ni. Àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún 11, ti lẹ imú mọ́ fèrèsé, ó ń retí ẹja. Nígbà tí a jáde sí oòrùn tí kò rí ẹyọ ẹja kan, ó ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. A rẹ́rìn-ín títí.

Ní ìlú Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù, a lọ wo àwòrán Ọ̀dọ́-Àgùntàn tí àwọn arákùnrin Van Eyck yà, tí wọ́n parí ní 1432. Orí pátákó púpọ̀ tí a so pọ̀ ni wọ́n yà á sí, ó sì wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Saint Bavo. Ní 1934, olè jí ọ̀kan nínú pátákó náà gbé, a kò sì rí i títí di òní. Àwòkọ ni wọ́n fi dí àyè rẹ̀. Gbogbo wa ń wo Ọ̀dọ́-Àgùntàn, ṣùgbọ́n àbíkẹ́yìn wa dúró síwájú àwòkọ yẹn. Ó bi mí pé, "Dádì, ìgbà wo ni wọ́n tó mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ mọ́?" Fóònù mi dún lákòókò náà. N kò dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kejì a dé Schengen, abúlé kékeré létí odò Moselle ní Luxembourg. Orí ọkọ̀ ojú omi kan níbẹ̀ ni orílẹ̀-èdè márùn-ún ti fọwọ́ sí àdéhùn ní ọjọ́ 14 oṣù June 1985, pé kí àyẹ̀wò kúrò ní ibodè àárín wọn. Láti ibẹ̀, ẹ ó máa rí ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Jámánì. Àwọn ọmọ ń béèrè ibi tí ibodè wà. Èmi tí mo ti dúró nínú oòrùn ní Sèmè rí, n kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn.

IBI TÍ A TI FI ỌMỌ SÍLẸ̀

Láti ìgbà tí a ti kúrò ní Calais ni àbíkẹ́yìn wa ti ń lọ ń bọ̀ láàárín ọkọ̀ méjèèjì. Bí ó bá ti sú u lọ́dọ̀ wa, a bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀. Ká sọ tòótọ́, ó tù mí lára bẹ́ẹ̀, nítorí ìbéèrè rẹ̀ pọ̀.

Láàárín Metz àti Strasbourg, lórí ọ̀nà márosẹ̀ A4, a yà sí ibi ìsinmi kan láti ra epo. Èmi àti ìyàwó mi ti ń ṣe gbólóhùn asọ̀ díẹ̀ lórí owó ibodè. A rá epo, àwọn kan lọ tọ̀, àwọn kan ra búrẹ́dì. Àbúrò ìyàwó mi fọn fèrè ọkọ̀, èmi náà fọn tèmi, a gbéra.

Ó tó ìṣẹ́jú 25 kí ìyàwó mi tó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún ọmọ yẹn pé súwẹ́tà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi o."

Àbúrò rẹ̀ ní, "Ọmọ wo, Àǹtí mi? Ṣebí ọ̀dọ̀ yín ló wà?"

Ẹ̀yin ará, ọwọ́ mi tutù lórí ọkọ̀.

Ọ̀nà márosẹ̀ kì í ṣe ibi tí ènìyàn lè yí padà. A ní láti sáré dé ibi tí a ti lè yà kúrò, kí a sanwó, kí a yí, kí a kọjá ibi ìsinmi náà ní òdìkejì, kí a tún lọ yà níwájú, kí a tún yí, kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a kọjá níbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, a rí òrùlé ilé epo náà ní ọ̀kánkán, irin àárín títì kò sì jẹ́ kí a lè dé ibẹ̀. Àkọ́bí wa ni ó pe 112. Nọ́ńbà yìí ni a ń pè fún ìrànlọ́wọ́ káàkiri Yúróòpù, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó fi Faransé tí ó kọ́ nílé ìwé ṣàlàyé. Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan. Ó di súwẹ́tà náà mú sí àyà. Èmi tí mo máa ń gbàdúrà wákàtí mẹ́ta, orúkọ Jésù nìkan ni mo lè pè.

Ó lé ní wákàtí kan tí a ti fi í sílẹ̀ kí a tó débẹ̀. Lórí àpótí ni ó jókòó, lẹ́bàá obìnrin tí ń gbowó, tí ó ti po tíì ṣokoléètì fún un. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé bí ó bá sọnù, kí ó má rìn káàkiri. Kí ó dúró sójú kan lọ́dọ̀ ẹni tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kò sunkún. Èmi ni mo sunkún.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé Mọ́mì á padà wá."

Mo ní, "Dádì ńkọ́?"

Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Mo rò pé ẹ ó ṣì wà lórí fóònù ni."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tí ń bínú. Bí ẹni tí ń sọ aago tí ó lù ni ó ṣe sọ ọ́.

ỌJỌ́ KAN LÓJÚ Ọ̀NÀ

Mo ti wàásù léraléra lórí bí Jésù ṣe sọnù ní Jerúsálẹ́mù nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 12. Tẹ́ńpìlì ni mo máa ń tẹnu mọ́, àti àwọn olùkọ́ tí ẹnu yà. N kò tíì dúró rí lórí odidi ọjọ́ kan tí Jósẹ́fù àti Màríà fi rìn, tí wọ́n rò pé ó wà láàárín ará àti ojúlùmọ̀. Wọn kò kórìíra ọmọ wọn. Wọ́n rò ni. Ọ̀pọ̀ wa ni a ń rò. A rò pé ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá rò pé ó wà lọ́dọ̀ olùkọ́ ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi. Olùkọ́ rò pé ó wà lọ́dọ̀ pásítọ̀, bàbá rẹ̀.

Láti Strasbourg lọ sí Basel, mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó mi, mo pa fóònù, mo lọ jókòó lẹ́yìn. Fún bíi kìlómítà 140, ọmọ náà ń sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ẹ̀rù girama tí ó fẹ́ wọ̀ ní oṣù September ń bà á, nítorí ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí ó ní ń lọ sí ilé ìwé mìíràn. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ó ti ń gbé e sọ́kàn, nínú ilé kan náà tí mo ń sùn.

Ní Basel, àwọn ará ìlú kó aṣọ wọn sínú àpò tí omi kò lè wọ̀, wọ́n sì ń fi odò Rhine lúwẹ̀ẹ́ lọ sísàlẹ̀. Inú àwọn ọmọ dùn púpọ̀. Èmi mú wọn lọ wo ilé àwọn míṣọ́nnárì ìlú náà, nítorí ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì Basel ni David Hinderer ti gba ẹ̀kọ́. Òun ni ó túmọ̀ Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ sí èdè wa. Ní 1853 ni òun àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá gbé ní Ìbàdàn. Anna kò bímọ, ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàdàn kún ilé rẹ̀ ní Kúdẹtì. Mo dúró níbẹ̀, mo ń rò ó: àlejò wá láti ọ̀nà jíjìn, ó fi ọdún púpọ̀ jókòó ti ọmọ wa. Àwa tí a bí wọn ńkọ́?

ÌMỌ̀RÀN DÍẸ̀

Bí ẹ bá ń lọ pẹ̀lú ọkọ̀ ju ẹyọ kan lọ, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọkọ̀ tirẹ̀. Bí ó bá fẹ́ pààrọ̀, kí awakọ̀ méjèèjì gbọ́ sí i. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sínú ìwé, kí ó wà lápò ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ó mọ 112. Kí ẹ tó ṣí ọkọ̀, ẹ kà wọ́n, kí ẹ pe orúkọ wọn, kí wọ́n sì dáhùn.

Ẹ má sì sọ pé ó di ìgbà tí owó bá pọ̀. Kò dìgbà tí ẹ bá lọ sí Switzerland. Ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn lè kó ọmọ rẹ̀ lọ sí Olúmọ ní Abẹ́òkúta kí ó padà lọ́jọ́ kan náà. Ohun tí ọmọ ń fẹ́ ni bàbá tí kò sí lórí fóònù.

Ní oṣù September 2024, àkọ́bí wa lọ sí yunifásítì. Ó ku méjì nílé. Ìwé pélébé ṣì ń bẹ lára fìríìjì wa, nítorí iṣẹ́ òru kò tíì tán. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Thursday, láti aago mẹ́fà sí mẹ́jọ alẹ́, ìjọ mọ̀ pé wọn kò lè rí mi lórí fóònù. Àbíkẹ́yìn wa ni ó ń tọ́jú rẹ̀ fún mi.

Kí Olúwa má jẹ́ kí a fi ọmọ wa sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àmín.