Ọjọ́ Ẹja Ẹbí Wa ní Adágún Ìkéré

Bí ọdún bá ti yí, ẹbí kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó ń pè wọ́n jọ. Ti àwọn kan ni ìsìn ìdúpẹ́, ti àwọn mìíràn ni ìrántí òbí tí ó ti sùn. Ní tiwa, ẹja ni. Sátidé kejì nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni bàbá wa máa ń kó wa láti Ìbàdàn lọ sí Ìsẹ́yìn, kí a tó kọrí sí adágún Ìkéré. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ti ń ṣe é.

Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí lè rò pé Olódùmarè ló fi omi náà sí àárín òkè. Ọwọ́ ènìyàn ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, lábẹ́ ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari, ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti sé odò Ògùn mọ́ àfonífojì olókè yìí, pẹ̀lú èrò pé yóò wúlò fún omi mímu, fún oko bíbomirin àti fún iná mọ̀nàmọ́ná. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ó lè gba omi tó mílíọ̀nù 690 mítà kúbíìkì. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí iná náà kò tàn, ṣùgbọ́n ẹja kò dúró de ìjọba.

Ní kùtùkùtù, nígbà tí ọyẹ́ ṣì ń mú, apẹja kan tí ó ti di ọ̀rẹ́ bàbá wa máa ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa. Ìwọ̀ àti ekòló ni à ń lò, a kì í da àwọ̀n. Bàbá wa gbà pé ẹni tí ẹja jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ló ni àwọ̀n. Ẹni tí ó wá kọ́ sùúrù ló ni ìwọ̀. Òun ló kọ́ wa pé ìsàlẹ̀ omi ni àrọ̀ fẹ́ràn, àti pé irú ẹ̀pìyà kan wà tí ó máa ń fi ẹnu tọ́jú ẹyin àti ọmọ rẹ̀ títí wọn yóò fi lè dá lúwẹ̀ẹ́. A máa wí pé, “Ẹ wo ẹja lásán! Ebi ń pa á, ọmọ wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì gbé e mì.”

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sọ pé òun ń lọ sí Ìlú Ọba. Bàbá wa, tí ó ti ń retí pé òun ni yóò gba ilé ìtẹ̀wé òun, bínú gidigidi. Fún oṣù mẹ́rin, ọ̀rọ̀ wọn kò kọjá kíkí. Ìyá wa bẹ̀ wọ́n títí, àwọn àgbà ẹbí dá sí i, pàbó ló já sí. Síbẹ̀, nígbà tí oṣù Ṣẹ́rẹ́ dé, àwọn méjèèjì wá.

Ibi tí ọkọ̀ kékeré dára sí nìyẹn: kò ní yàrá tí ènìyàn lè bínú wọ̀. Ó tó wákàtí mẹ́ta tí wọ́n fi kọ ẹ̀yìn sí ara wọn. Nígbà tí ìwọ̀ ẹ̀gbọ́n mi wá gbé ẹja ńlá, tí okùn fẹ́ já, bàbá wa na ọwọ́, ó bá a dì í mú. Àrọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n gbé e wọ inú ọkọ̀ tán, bàbá wa nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Ibi tí ò ń lọ yìí, ṣé wọ́n ní odò tí ó ní ẹja?”

“Wọ́n ní, sà.”

“Ó dáa. Má gbàgbé bí a ṣe ń so ìwọ̀.”

Kò sí ẹni tí ó tọrọ àforíjì. Ẹja inú ọkọ̀ náà ń jà, àwa ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún yìí, orúnkún kò jẹ́ kí bàbá wa wọ ọkọ̀. Abẹ́ igi ni ó jókòó sí, tí ó ń wò wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, ni ó gba ìwọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a ń múra àtilọ sílé, bàbá bi wá pé ta ni yóò máa kó wa wá. A ti pín in báyìí: èmi ni yóò wa mọ́tò, àbúrò mi ni yóò bá apẹja sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n wa tí ó wà lókè òkun yóò máa fi owó epo ránṣẹ́.

Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ dá irú àṣà yìí sílẹ̀, ẹ mú ọjọ́ kan pàtó, kí ẹ má sì jẹ́ kí òde kankan gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ má wọ omi láìsí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kí olúkúlùkù sì wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ẹ dá ẹja kékeré padà sínú omi. Ẹ sì mú àwọn ọmọdé dání, nítorí ẹja tútù ni à ń ká; èyí tí ó bá ti gbẹ kò ṣe é ká mọ́.