Nígbà Tí Atayò Bá Fi Ayaba Rúbọ

Nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì, ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀. Bí ọmọ-ogun kan bá jẹ́ 1, ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù jẹ́ 3 lọ́kọ̀ọ̀kan, ilé-ìṣọ́ jẹ́ 5, ayaba sì jẹ́ 9. Ọba nìkan ni kò níye, nítorí pé ẹni tí wọ́n bá ká ọba rẹ̀ mọ́ ti pàdánù, ohun yòówù kó ṣẹ́kù sọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣirò yìí ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń kọ́ ọmọdé. Òun náà sì ni àwọn ayò tí òǹwòran fẹ́ràn jù máa ń dojú rẹ̀ bolẹ̀: atayò kan á mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹṣin, ilé-ìṣọ́, àní ayaba pàápàá sílẹ̀ kí alátakò jẹ ẹ́, kí ọ̀nà lè là dé ọ̀dọ̀ ọba.

Èyí tó lókìkí jù nínú wọn wáyé ní London ní oṣù kẹfà ọdún 1851. Adolf Anderssen, olùkọ́ ìṣirò láti Breslau, ìlú tó ń jẹ́ Wrocław ní Poland lónìí, wá síbẹ̀ fún ìdíje ńlá kan tó kó àwọn ọ̀ta ayò ilẹ̀ Yúróòpù jọ, òun ló sì ṣe ipò kìíní. Síbẹ̀, kì í ṣe ayò ìdíje náà ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀. Ayò ìgbafẹ́ ni, tí òun àti Lionel Kieseritzky, ẹni tó ń fi ṣẹ́ẹ̀sì kíkọ́ni jẹun ní Paris, jókòó ta.

Anderssen ló ni funfun. Láti ìgbésẹ̀ kejì ló ti fi ọmọ-ogun kan lọ Kieseritzky, ìyẹn sì gbà á. Láyé ìgbà náà, ojo ni wọ́n ń ka ẹni tó bá kọ irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ sí. Kieseritzky jẹ bíṣọ́ọ̀bù kan. Ayaba rẹ̀ jẹ ọmọ-ogun mìíràn, bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jẹ ilé-ìṣọ́ kan, ayaba náà sì tún lọ jẹ ilé-ìṣọ́ kejì ní kọ̀rọ̀ pátákó. Ní ìgbésẹ̀ 22, Anderssen gbé ayaba tirẹ̀ síwájú ẹṣin dúdú, ẹṣin jẹ ẹ́. Ẹṣin yẹn gan-an ló ń ṣọ́ ojú ibi tí bíṣọ́ọ̀bù funfun fẹ́ dúró sí. Bó ṣe kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀ báyìí ni bíṣọ́ọ̀bù wọlé. Ọmọ ayò kéékèèké mẹ́ta, bíṣọ́ọ̀bù kan àti ẹṣin méjì, ló ká ọba dúdú mọ́ ní ìgbésẹ̀ 23.

Bí a bá ṣírò rẹ̀, ohun tó tó 24 nínú 39 tí Anderssen fi bẹ̀rẹ̀ ló kó sílẹ̀, ọmọ-ogun 3 péré ló sì jẹ. Báwo ló ṣe wá borí? Ọ̀tọ̀ ni iye ọmọ ayò, ọ̀tọ̀ ni ibi tó wà. Ilé-ìṣọ́ dúdú méjèèjì àti bíṣọ́ọ̀bù kan kò kúrò lójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ayaba dúdú àti bíṣọ́ọ̀bù kejì wà lọ́hùn-ún ní ìsàlẹ̀ pátákó, bí ẹni tó ń ka èrè lọ́jà nígbà tí ilé rẹ̀ ń jó. Nídìí ọba níbi tí ìjà wà, funfun ló pọ̀ jù.

Kieseritzky tó pàdánù ló kọ́kọ́ tẹ ayò náà jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ ní Paris. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni tí wọ́n nà máa kéde ìnà rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó dára nígbà tó rí i.

Ayò náà kò pé o. Àwọn tó tú u wò lẹ́yìn náà rí i pé ká ní ayaba dúdú ló kọ́kọ́ jẹ ilé-ìṣọ́ ní ìgbésẹ̀ 18, kó sì tètè padà sẹ́yìn, apá Anderssen ì bá má tètè ká a. Wilhelm Steinitz, ẹni àkọ́kọ́ tó gba oyè àgbáyé ní 1886, sọ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ di ẹ̀kọ́: ẹni tí kò bá tíì ní àǹfààní lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ gbógun. Òótọ́ ni, ó sì sọ ọ̀pọ̀ ayò di sùúrù, tí wọ́n fi ń jà lórí ohun kéékèèké tí òǹwòran lásán kò lè fojú rí.

Mikhail Tal, ọmọ Riga ní Latvia, ló tún dá iná ìfirúbọ náà. Ní 1960, lẹ́ni ọdún 23, ó kojú Mikhail Botvinnik, tó di oyè àgbáyé mú nígbà náà, ní Moscow. Nínú ayò kẹfà, Tal fi ẹṣin kan sílẹ̀ láìsí ẹ̀rí pé yóò rí nǹkan gbà padà. Ariwo sọ nínú gbọ̀ngàn débi pé wọ́n ní láti gbé ayò náà lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tó yá, àwọn amòye rí ọ̀nà tí Botvinnik ì bá gbà yọ, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó síwájú aago tó ń sáré nígbà tí wọ́n ń wá a. Ohun tí Tal gbójú lé nìyẹn. Kò pọn dandan kí ẹbọ pé. Kó ṣáà le ju ohun tí ènìyàn lè tú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó fi 12½ sí 8½ gba oyè, Botvinnik sì gbà á padà ní 1961.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá mọ ṣẹ́ẹ̀sì ju ènìyàn lọ, ó dà bíi pé irú ìjà yìí ti dópin, torí pé ẹ̀rọ kì í bẹ̀rù, aago kì í sì í kó jìnnìjìnnì bá a. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá 2017, ilé-iṣẹ́ DeepMind gbé AlphaZero jáde, ètò kọ̀ǹpútà tó kọ́ ara rẹ̀ láyò láìwo ayò ènìyàn kankan. Nínú ayò 100 pẹ̀lú Stockfish, ètò kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ó borí nínú 28, ó ta ọ̀mì nínú 72, kò pàdánù rárá. Àwọn kan ṣàròyé pé wọn kò fún Stockfish ní àǹfààní tó yẹ, àròyé wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó ya àwọn ọ̀ta ayò lẹ́nu ni bí AlphaZero ṣe ń ta: a máa fi ọmọ-ogun, nígbà mìíràn ẹṣin tàbí bíṣọ́ọ̀bù, sílẹ̀ láìgba nǹkan kan lójú ẹsẹ̀, kí àwọn ọmọ ayò alátakò má lè mira. Magnus Carlsen, tó di oyè àgbáyé mú nígbà náà, sọ ní 2019 pé òun kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀, àwọn ọ̀ta ayò sì wá ń ti ọmọ-ogun etí pátákó síwájú lọ bá ọba ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.