Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Kí ló dé tí fáànù AC ọkọ̀ yín kì í fẹ́ àfi ní nọ́ńbà 4?

Ẹ yí i sí 1, ó dákẹ́. Ẹ yí i sí 2 àti 3, kò mira. Ẹ gbé e dé 4, atẹ́gùn tú jáde! Ẹ má tíì ra fáànù tuntun o. Fáànù yẹn ò kú.

✅ Resistor ló sábà máa ń jóná. Òun ló ń dín iná tó ń lọ sí fáànù kù, kó lè rọra yí. Ní nọ́ńbà 4, iná kì í gba inú resistor kọjá, ìdí nìyẹn tí 4 fi ń ṣiṣẹ́.

✅ Níbo ni resistor wà? Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀yìn pigeonhole ni, nítòsí fáànù. Ẹ pa ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ wo ibi tí wáyà ti wọ inú rẹ̀: bí ike ibẹ̀ bá ti yọ́ tàbí tó dúdú, ẹ pààrọ̀ òun náà.

✅ Tí kò bá fẹ́ ní nọ́ńbà kankan, fíúsì àti relay ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

⚠️ Tí ẹ bá pààrọ̀ resistor, tí tuntun tún jó, fáànù lè ti le láti yí, kó máa fa iná jù. Ẹ ní kí ọ̀gá rewire wá ìdí rẹ̀, kí owó yín má baà ṣòfò.

Ẹ bá wa pín in fún gbogbo onímọ́tò.