Link ò sọ̀rọ̀ nínú géèmù, ta ló fún un lẹ́nu nínú ìwé?

Ẹni tó bá ti gbá géèmù The Legend of Zelda rí á mọ̀ pé Link, ọmọkùnrin tó gbé idà lọ gba ọmọ ọba sílẹ̀, kì í sọ̀rọ̀. Àwọn ẹlòmíì á rojọ́ títí, òun á kàn máa wò wọ́n ni. Kì í ṣe pé ó yadi o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ di pádì mú ni ohùn ẹ̀. Tí ẹ̀rù bá bà yín, ẹ̀rù bà á nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá yà sínú igbó tẹ́ ẹ ń gé koríko kiri, òun náà ti gbàgbé ọmọ ọba nìyẹn.

Báwo wá lèèyàn ṣe fẹ́ sọ irú géèmù bẹ́ẹ̀ di ìwé kọ́míìkì? Ìwé ò ní pádì.

Iṣẹ́ tó já lé Shotaro Ishinomori léjìká nìyẹn. Àgbà ayàwòrán ni ní Japan, òun ló dá Cyborg 009 àti Kamen Rider sílẹ̀. Lọ́dún 1992, tí géèmù A Link to the Past dé Amẹ́ríkà, ìwé ìròyìn Nintendo Power ń gbé kọ́míìkì tó yà látinú ẹ̀ jáde ní apá-apá, apá 12 lápapọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó fún Link lẹ́nu: ó ń sọ̀rọ̀, ó ń bínú. Ìkejì, ó wá ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀ fún un. Nínú ìwé, ó pàdé Roam, tafàtafà kan tí kò sí nínú géèmù rárá. Ìkẹta, nínú géèmù, tí Link bá kọ́kọ́ wọ ayé òkùnkùn, ehoro ló ń dà. Ishinomori sọ ọ́ di ẹranko tó jọ ìkookò. Ehoro á pa yín lẹ́rìn-ín; ìkookò á jẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ohun tí Link lè dà.

Ìparí ẹ̀ ló wá yàtọ̀ jù. Nínú géèmù, Link ṣẹ́gun, gbogbo nǹkan padà sípò, ó parí. Nínú ìwé, Zelda gorí ìtẹ́, Link di olórí àwọn ẹ̀ṣọ́, iṣẹ́ ìlú ò sì jẹ́ kí wọ́n fi bẹ́ẹ̀ ráyè ríra mọ́. Ìṣẹ́gun yẹn ní iye tó ná wọn.

Ṣé nǹkan kan sọnù? Ó sọnù. Bí àlọ́ ni. Tí ìyá àgbà bá ń pàlọ́, àwa la máa ń gbe orin ẹ̀. Tí wọ́n bá tẹ àlọ́ ọ̀hún sínú ìwé, orin ṣì wà níbẹ̀, àwọn tó ń gbè é ni ò sí mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Viz Media tún kọ́míìkì yìí tẹ̀ lọ́dún 2015, àwọn tí ò gbá géèmù náà rí náà rí i kà, ó sì yé wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya kọ́míìkì, tó ń wù yín láti ya géèmù kan, ẹ má kàn da ohun tó wà lójú ẹ̀rọ kọ. Ibi tí géèmù ti dákẹ́ ni kẹ́ ẹ wá. Ibẹ̀ niṣẹ́ yín wà.